Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: WÁKÀTÍ ÒṢÌṢẸ́ NÍWÁJÚ ỌLỌ́RUN

Ibi Kíkà: Ẹ́kísódù 5:4-21, Diutarónómì 5:12-15, Mátíù 20:1-15, Kólósè 3:22–4:1

Ẹsẹ Àkọ́sórí: Kólósè 4:1. Kí olúkúlùkù kà á nínú Bíbélì rẹ̀ lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó sì ti mọ̀ ọ́n sórí kí ó tó dé kíláàsì.

Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ pé Ọlọ́run ń wo àkókò òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wo owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ọ̀gá, òṣìṣẹ́ àti oníbàárà lè mọ ojúṣe wọn, kí a sì kọ́ bí onígbàgbọ́ ṣe lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ láìsí ìwà ipá àti láìsí ìbẹ̀rù.

KÍKÀ OJOOJÚMỌ́

Ọjọ́ Ajé: Ẹ́kísódù 5:1-9
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ẹ́kísódù 5:10-23
Ọjọ́rú: Diutarónómì 5:12-15
Ọjọ́bọ̀: Diutarónómì 24:14-15
Ọjọ́ Ẹtì: Mátíù 20:1-16
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Jákọ́bù 5:1-6
Ọjọ́ Ìsinmi: Kólósè 3:22–4:1

SÍ OLÙKỌ́

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ni ilé ìtajà àti ẹni tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ jókòó lórí àga kan náà nínú kíláàsì rẹ. Má ṣe jẹ́ kí kíláàsì di kóòtù. Má sì ṣe tìtorí ìbẹ̀rù fo ẹ̀kọ́ náà. Jẹ́ kí Ìwé Mímọ́ bá ẹni méjèèjì sọ̀rọ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Gbogbo àwa tí a tọ́ dàgbà ní Ìkòyí-Ilé àti ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ni a mọ ohun tí à ń pè ní àáró. Bí mo bá bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ náà yóò wá bá mi kọ tèmi lọ́la. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ìwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin wà níbẹ̀. Bí mo bá dé oko rẹ kí oòrùn tó yọ, tí ìwọ wá dé oko tèmi nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí, ìjà dé nìyẹn. Kì í ṣe iṣu ni ó dá ìjà náà sílẹ̀, wákàtí ni. Ẹni tí ó bá jẹ mí ní ìdajì ọjọ́ ti jẹ mí ní gbèsè, bí kò tilẹ̀ yọ kọ́bọ̀ kan nínú àpò mi.

Ìwọ̀fà pàápàá, ní ayé àwọn baba ńlá wa, ní àkókò tirẹ̀. Gbèsè ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ olówó, síbẹ̀ kì í ṣe ẹrú. Ó ní ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó máa ń ṣe lóko olówó rẹ̀; bí ó bá ti ṣe é tán, ó di ẹni ara rẹ̀, ó ń gba oko tirẹ̀ lọ. Àwọn baba wa kò tíì ní aago, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ibì kan wà tí agbára ẹni tí ń gbani síṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ.

Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti kúrò lóko. Wọ́n wà nínú ilé ìtajà ńlá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìbàdàn, ní Èkó, àní ní ìlú òyìnbó. Wọ́n ń to ọjà sórí pẹpẹ, wọ́n ń gbá ilẹ̀, wọ́n ń dúró nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń gba owó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀rọ̀ tí ó ń bí ìjà láàárín àwọn àti ọ̀gá wọn kì í ṣe owó oṣù nìkan. Wọ́n ń béèrè pé: Ìgbà wo ni n ó wọlé, ìgbà wo ni n ó sì jáde? Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ alẹ́? Ọjọ́ wo ni ìsinmi mi? Bí a bá fẹ́ yí i padà, ṣé ó yẹ kí a sọ fún mi ṣáájú?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan kí n tó bá yín lọ síwájú. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, arábìnrin kan wà nínú kíláàsì tí mo ń kọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà kan tí n kò ní dárúkọ. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ni wọ́n máa ń lẹ ìwé tí wọ́n fi pín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ mọ́ ara ògiri. Ìgbà náà ni yóò tó mọ̀ bóyá ilé Ọlọ́run ni òun yóò wà ní ọjọ́ kejì tàbí ẹnu iṣẹ́. Ó ní ọmọ kékeré kan tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò lè sọ fún ìyá náà ní ọjọ́ Ẹtì pé òun yóò wá wo ọmọ. Nígbà mìíràn, yóò parí iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọn yóò sì ní kí ó wọlé ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra ni a kò rí i. Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹta, bí mo ti ń bọ̀ láti ibi ìsìn, mo yà sí ilé ìtajà náà láti ra búrẹ́dì àti wàrà fún àwọn ọmọ mi. Òun ni ó wà nídìí ẹ̀rọ. Bí mo ti ń ka owó lé e lọ́wọ́, mo wí fún un pé, "Arábìnrin, a kò rí ọ mọ́ ní ilé Ọlọ́run o." Ó ní, "Ẹ má bínú, tíṣà." Ó fún mi ní ṣéńjì, mo sì gbọ̀nà ilé lọ. Nígbà tí mo lọ kí i ní ilé rẹ̀ tí ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún mi, mo sọ fún un pé kí ó máa fara dà á, pé àgbélébùú tirẹ̀ nìyẹn. Mo gbàdúrà, ó ṣe àmín.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Búrẹ́dì tí mo rà lọ́wọ́ rẹ̀ wà lára ìdí tí wọ́n fi ní kí ó wá síṣẹ́ ní ọjọ́ Olúwa. Èmi ni mo gbé ẹrù lé e lórí, èmi náà ni mo tún ń bá a wí pé ó ń rìn tàgétàgé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá inú Ìwé Mímọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo sì rí ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

I. Fáráò Yí Àdéhùn Padà (Ẹ́kísódù 5:4-21)

A sábà máa ń ka orí yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn Mósè àti Fáráò nìkan. Ẹ jẹ́ kí a kà á lónìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn àwọn òṣìṣẹ́. Tẹ́lẹ̀ rí, a máa ń fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní koríko tí wọn yóò fi ṣe bíríkì. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láìbá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, a pàṣẹ pé kí wọ́n máa lọ wá koríko fúnra wọn, ṣùgbọ́n kí iye bíríkì má ṣe dín. Kí ni Fáráò gbà lọ́wọ́ wọn? Kì í ṣe owó. Àkókò wọn ni ó gbà. Wákàtí tí wọn ìbá fi sinmi ni wọ́n fi ń ṣa àkékù koríko káàkiri ilẹ̀ Íjíbítì.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta. Èkíní, Fáráò ní ọ̀lẹ ni wọ́n, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá àyè láti lọ sin Ọlọ́run (ẹsẹ 8 àti 17). Orúkọ yìí kò tíì parẹ́. Títí di òní olónìí, bí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ ìsìn, a máa ń yára pè é ní ọ̀lẹ.

Èkejì, àwọn kan wà ní àárín. Àwọn olórí òṣìṣẹ́, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ísírẹ́lì fúnra wọn, ni a nà nígbà tí iye bíríkì kò pé (ẹsẹ 14). Ẹni tí ó ń kọ ìwé ìpín iṣẹ́ ní ilé ìtajà lè máà jẹ́ ẹni tí ó ni ilé ìtajà náà. Òun pẹ̀lú ní ẹni tí ó ń bẹ̀rù. Kí a tó bínú sí i, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ó lè jẹ́ pé ẹgba kan náà ni ó wà lẹ́yìn òun àti àwa.

Ẹ̀kẹta, àwọn olórí òṣìṣẹ́ náà tọ Fáráò lọ, wọ́n sì ro ẹjọ́ wọn (ẹsẹ 15 àti 16). Wọ́n sọ ohun tí a kò fún wọn, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ wọn, ìyà tí a fi jẹ wọ́n, àti ẹni tí ẹ̀bi náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn kò bú u, wọn kò sì dáná sun ibi iṣẹ́. Kò sí ibì kankan tí Ìwé Mímọ́ ti bá wọn wí nítorí pé wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni kí ènìyàn sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ohun kan kò tọ́.

Òtítọ́ ni pé Fáráò kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, Mósè àti Áárónì ni wọ́n dojú ìbínú wọn kọ (ẹsẹ 20 àti 21). Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí: bí ọ̀gá bá kọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà, èkíní á ní èkejì ni ó kó bá òun. Ohun tí ó ń tú àwọn òṣìṣẹ́ ká jùlọ nìyí. Mósè padà tọ Olúwa lọ ní tirẹ̀, kò sì fi iṣẹ́ tí a rán an sílẹ̀.

II. Òṣìṣẹ́ Pẹ̀lú Gbọ́dọ̀ Sinmi (Diutarónómì 5:12-15)

Nínú Ẹ́kísódù orí ogún, ìdí tí a fi pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ ni pé Ọlọ́run sinmi lẹ́yìn tí ó dá ayé. Ṣùgbọ́n nínú Diutarónómì, a fi ìdí mìíràn kún un: kí ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin lè sinmi gẹ́gẹ́ bí olúwa wọn, nítorí pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pẹ̀lú ti ṣe ẹrú rí ní Íjíbítì. Ta ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ẹni tí ó ní ìránṣẹ́ àti màlúù ni. Kò tó kí ọ̀gá wọ aṣọ àlàárì lọ sí ilé ìsìn, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé ìtajà lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ pé kí ó máa tà á lọ. Ọ̀gá tí ó sinmi nìkan kò tíì pa òfin náà mọ́.

Òfin orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú sọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1974, tí ó ṣì wà nínú ìwé òfin wa, kò dá iye wákàtí kan ṣoṣo fún gbogbo iṣẹ́. Ó ní kí wákàtí iṣẹ́ jẹ́ èyí tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ọ̀gá dúnàádúrà lé lórí, tàbí èyí tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn fún owó iṣẹ́ bá là sílẹ̀. Wákàtí tí ó bá ju èyí lọ, ofatáìmù ni. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí gbogbo rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1. Nínú ọjọ́ 7, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ 1 tí yóò fi sinmi, tí kò dín ní wákàtí 24 láìdá a dúró. Òfin kan náà ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé láàárín oṣù 3 tí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ wákàtí iṣẹ́ sì wà nínú ìwé náà. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ó ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí?

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: òfin náà kò ní ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọjọ́ kan ni ó wí. Nítorí náà, onígbàgbọ́ tí ó fẹ́ wà ní ilé Ọlọ́run gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nígbà tí a ń gbà á síṣẹ́, kí ó sì jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé Mùsùlùmí ni ẹnìkejì rẹ̀, kí ó fara mọ́ ọn kí òun bá a dúró ní wákàtí ìrun Jímọ̀, kí ẹni náà sì bá òun dúró ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Àáró náà ni, ọ̀rọ̀ àwọn baba wa.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dààmú. Ní ọdún 1930, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe àdéhùn kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà àti ọ́fíìsì, pé kí iṣẹ́ wọn má ṣe ju wákàtí 8 lójúmọ́ àti wákàtí 48 lọ́sẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ìjọba fẹ́ fún gbogbo ilé ìtajà láyè láti máa tajà bí ó ti wù wọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ìjọ Kristẹni àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìtajà tí a ń pè ní USDAW dúró pọ̀ láti takò ó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1986, ilé aṣòfin fi ibo 296 sí 282 dá àbá náà nù. Lẹ́yìn èyí, òfin ọdún 1994 gba ilé ìtajà ńlá láyè láti ṣí fún wákàtí 6 péré ní ọjọ́ náà, ó sì fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti fi ìwé sọ pé òun kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi, àfi bí ó bá jẹ́ pé fún ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni a ṣe gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London tí ń ṣiṣẹ́ ilé ìtajà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀tọ́ yìí.

III. Àdéhùn Òwúrọ̀ (Mátíù 20:1-15)

Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ni Jésù ń fi òwe yìí kọ́ wa, kì í ṣe òfin owó iṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni Olúwa wa fi pa òwe náà. Baálé ilé náà bá àwọn òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn kí wọ́n tó wọ ọgbà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ sí ọjà láti rí wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó san owó wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí Diutarónómì 24:15 ti pa á láṣẹ.

Ẹ wo àwọn tí ó bá lójú ọjà ní wákàtí kọkànlá. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó gbà wọ́n síṣẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń pa ẹnu mọ́ lónìí. Ọ̀gá yóò wí pé, "Bí o kò bá fẹ́, àwọn tí ń wá iṣẹ́ pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà." Òtítọ́ ni. Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n baálé ilé inú òwe yìí rí àwọn tí ó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò fi wọ́n halẹ̀ mọ́ àwọn tí ó wà nínú ọgbà. Ṣe ni ó gba àwọn pẹ̀lú síṣẹ́.

Àwọn ọ̀gá kan fẹ́ràn ẹsẹ 15, níbi tí baálé ilé ti ní òun ní ẹ̀tọ́ láti fi ohun ìní òun ṣe ohun tí ó wu òun. Ẹ jẹ́ kí a ka ẹsẹ 13 ṣáájú rẹ̀. Ìgbà tí ó ti mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ pátápátá ni ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó lo òmìnira rẹ̀ láti fi kún owó ẹni tí ó kẹ́yìn, kò lò ó láti yọ kúrò nínú tẹni tí ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá yí wákàtí òṣìṣẹ́ padà lálẹ́ Àbámẹ́ta kò lè fi ẹsẹ náà gbèjà ara rẹ̀.

IV. Ọ̀gá Náà Ní Ọ̀gá (Kólósè 3:22–4:1)

Pọ́ọ̀lù kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ó kọ́kọ́ bá ìránṣẹ́ sọ̀rọ̀ pé kí ó má ṣe iṣẹ́ ojú ayé. Ẹ jẹ́ kí àwa òṣìṣẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ń dé ní aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n sì ń kọ aago mẹ́jọ sínú ìwé. Àwọn kan ń bá ọ̀rẹ́ wọn fọwọ́ sí ìwé nígbà tí ọ̀rẹ́ náà wà nílé. Àwọn mìíràn wọ yàrá ẹ̀yìn lọ láti lọ sùn, tàbí kí wọ́n máa tẹ fóònù nígbà tí oníbàárà dúró. Ẹni tí ó ń jí wákàtí ọ̀gá rẹ̀ kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé ọ̀gá ń jí tòun. Ọwọ́ tí ó mọ́ ni a fi ń béèrè ẹ̀tọ́.

Lẹ́yìn náà ni Pọ́ọ̀lù wá kọjú sí ọ̀gá: kí ó ṣe ohun tí ó tọ́ tí ó sì bá ara mu sí ìránṣẹ́ rẹ̀, nítorí òun pẹ̀lú ní Ọ̀gá ní ọ̀run. Ọ̀gá lè jẹ́ díákónì tàbí ìyá ìjọ, ó ṣì ní Ẹni tí ó ń wo ìwé ìpín iṣẹ́ tí ó kọ. Jákọ́bù ní owó iṣẹ́ tí a kò san ń ké, igbe rẹ̀ sì ti wọ etí Olúwa (Jákọ́bù 5:4). Ṣé wákàtí tí a kò san kò ní ké?

ÌBÉÈRÈ TÍ Ọ̀PỌ̀ Ń BÉÈRÈ: ṢÉ Ó TỌ́ KÍ ONÍGBÀGBỌ́ WÀ NÍNÚ ẸGBẸ́ ÒṢÌṢẸ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara ohun tí ó bí wọn nínú ni pé Gómìnà Henry McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà. Ọ̀rọ̀ wákàtí ti ń jà nílẹ̀ wa kí a tó bí àwọn baba wa. Ní ọdún 1978, a tún àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tò sí ẹgbẹ́ ńláńlá 42, tiwọn nínú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ni èyí tí a ń pè ní NUSDE. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní apá 40, fún gbogbo ènìyàn láyè láti wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, kò lòdì sí òfin ìjọba.

Ǹjẹ́ ó lòdì sí ti Ọlọ́run? Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì 6:1-7. Nígbà tí àwọn kan kùn pé a ń fo àwọn opó wọn nínú ìpín ojoojúmọ́, àwọn àpósítélì kò pè wọ́n ní ọlọ̀tẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n yan ènìyàn méje, ọ̀rọ̀ náà sì yanjú. Ìpín tí kò dọ́gba ni wọ́n tún ṣe, wọn kò pa ẹnu ẹni tí ń kùn mọ́.

Ẹ wo bí ọ̀nà tí Jésù là sílẹ̀ nínú Mátíù 18:15-17 ṣe bá ọ̀nà òfin ìjà iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè wa mu. Jésù ní kí o kọ́kọ́ bá arákùnrin rẹ sọ ọ́ ní ìwọ àti òun nìkan. Bí kò bá gbọ́, kí o mú ẹnì kan tàbí méjì dání. Lẹ́yìn náà ni kí o tó gbé e dé iwájú ìjọ. Òfin náà pẹ̀lú ní kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí alárinà wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò tó dé ọ̀dọ̀ mínísítà, ìgbìmọ̀ onílàjà, àti kóòtù ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1976. Iṣẹ́ dídá sílẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ń pa àmúkùrù ara ìbẹ́pẹ́. Onígbàgbọ́ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má parọ́, kí wọ́n má ba ohun ìní jẹ́, kí wọ́n má sì lu ẹni tí kò bá wọn lọ.

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́

Sí ọ̀gá: Lẹ ìwé ìpín iṣẹ́ jáde ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Bí ó bá di dandan láti yí i padà, bá òṣìṣẹ́ sọ ọ́, má kàn fi tipátipá gbé e lé e lórí. Má jẹ́ kí ẹni kan náà ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́ iṣẹ́ àárọ̀. Má ṣe fi wákàtí tí kò dára jẹ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ níyà.

Sí òṣìṣẹ́: Mọ ohun tí ó wà nínú ìwé iṣẹ́ rẹ. Dé ní àsìkò. Sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má sì dá sọ̀rọ̀ bí àwọn mìíràn bá wà tí ẹ jọ ń jìyà kan náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Sí ìjọ: Kí a tó bá ẹni tí kò wá wí, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì, dókítà, àwọn tí ń ṣọ́ ìlú, a mọ̀ pé iṣẹ́ wọn kò ṣeé dá dúró, Olúwa wa pẹ̀lú wo aláìsàn sàn ní ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n wàrà àti bísíkíìtì lè dúró di ọjọ́ Ajé.

Sí àwa oníbàárà: Ọjà tí a bá ń rà ní ọjọ́ Olúwa ni ó ń sọ fún ọ̀gá pé kí ó ṣí ilẹ̀kùn. Bí a bá ra oúnjẹ wa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ti bá ẹnì kan gba ìsinmi rẹ̀ padà.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ arábìnrin wa ti parí. Mo padà lọ bẹ̀ ẹ́, mo ní mo jẹ̀bi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ẹ jókòó, ẹ bá mi kọ lẹ́tà." Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé ìtajà náà. Òun àti àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Mùsùlùmí méjì wà nínú wọn, ni wọ́n jọ fọwọ́ sí lẹ́tà náà kí ó má bàa di pé ẹnì kan ni a rí mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni, wọ́n ka ohun tí ó ń dùn wọ́n, wọ́n sì dábàá bí a ṣe lè tò ó tí ọjà kò fi ní dúró. Ọ̀gá bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó gbà pé ìwé ìpín iṣẹ́ yóò máa jáde ní Ọjọ́bọ̀, àti pé ọjọ́ Ìsinmi méjì lóṣù ni olúkúlùkù Kristẹni yóò ní. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ alẹ́ mọ́ àárọ̀ kò yanjú nígbà náà. Kò rí gbogbo ohun tí ó béèrè gbà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, ó ti lè sọ fún ìyá rẹ̀ ìgbà tí òun ń bọ̀ wá wo ọmọ. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú fún àwọn tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní ti èmi, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń ra búrẹ́dì mi.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Fáráò gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nígbà tí ó dá koríko dúró? Irú rẹ̀ wo ni a ń rí lónìí?
2. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín ìdí ọjọ́ ìsinmi nínú Ẹ́kísódù 20 àti nínú Diutarónómì 5?
3. Baálé ilé inú Mátíù 20 lo òmìnira rẹ̀ láti ṣe kí ni? Báwo ni ọ̀gá ṣe lè tẹ̀ lé àpẹẹrẹ rẹ̀?
4. Ọ̀nà wo ni òṣìṣẹ́ lè gbà jí wákàtí ọ̀gá rẹ̀? Ọ̀nà wo ni ọ̀gá lè gbà jí ti òṣìṣẹ́?
5. Àwọn wo nínú ìjọ wa ni iṣẹ́ ń dí lọ́wọ́ láti wá sí ìsìn? Kí ni kíláàsì yìí lè ṣe fún wọn kí oṣù yìí tó parí?
6. Nínú ohun tí o ń rà ní ọjọ́ Ìsinmi, èwo ni o lè máa rà ní ọjọ́ mìíràn?

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́fà tí o sì sinmi ní ọjọ́ keje, ràn wá lọ́wọ́ kí a má ṣe gba ìsinmi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fún àwọn ọ̀gá ní ọkàn tí ó tọ́, fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọwọ́ tí ó mọ́ àti ẹnu tí kò bẹ̀rù. Rántí àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wákàtí yìí, tí ọkàn wọn wà pẹ̀lú wa níhìn-ín. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.